Igbó Tí Mo Gbìn Ní Wásinmi

Mo rántí ìgbà tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ rí oko mi ní Wásinmi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó wò ó títí, ó wá bi ọkọ mi léèrè bóyá èmi àti àdá ń bínú síra wa ni.

Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé àwọn tó ń ta aṣọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa oko kò ju pé ibẹ̀ ni iṣu ti ń wá. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Pápáláńtò, a kó lọ sí ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Wásinmi. Ilẹ̀ gbọọrọ kan wà lẹ́yìn ilé náà tí ẹnikẹ́ni kò dá. Mo ti wo fídíò obìnrin kan lórí fóònù, tó gbin igi ńlá, igi kékeré, ẹ̀fọ́ àti ìtàkùn pọ̀ bí ìgbà tí igbó bá hù fúnra rẹ̀, tó sì ń jẹ nínú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Mo ní kí ló wá kù? Mo rò pé tí mo bá gbin àgbálùmọ̀ ní àkọ́rọ̀ òjò, màá ti máa lá a kí ọyẹ́ tó dé.

Òjò dé, mo gbin gbogbo ohun tó bọ́ sí mi lọ́wọ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọsàn, kókò, ata, ewúro, ẹ̀gúsí. Mo gbìn wọ́n fún mọ́ra bí èrò inú mọ́tò. Ẹ̀gúsí gun ata, ó fún un lọ́rùn pa. Ewúrẹ́ àdúgbò jẹ àgbálùmọ̀ tí mo ń retí, ó jẹ ẹ́ tewé-tigi. Mo sunkún. Ọkọ mi ní kí n má bínú, ewúrẹ́ náà á kúkú rò pé òun ni mo gbìn ín fún.

Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà, ilẹ̀ ló sì kọ́ mi ní tèmi. Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò dé, mo tú àwọn irúgbìn náà ká, mo gbin àgbálùmọ̀ mìíràn, mo sì ń kó ewé gbígbẹ tí àwọn ará àdúgbò fẹ́ sun, mò ń tẹ́ ẹ sí ìdí igi. Wọ́n ní orí mi ti ń yí. Wèrèpè hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ìtàkùn tí irun èso rẹ̀ máa ń yúnni lára bí iná. Ó yẹ kí n hú u, mo fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ewúrẹ́ ti ń kí mi láti òkèèrè.

Ọyẹ́ dé, ètè gbogbo wa là, ewé gbogbo àdúgbò gbẹ, ṣùgbọ́n abẹ́ igi tèmi ń tutù. Ìyá ọkọ mi wá láti Abẹ́òkúta. Aláró ni nígbà ayé ọ̀dọ́ rẹ̀, aró kò sì tíì tán léèékánná rẹ̀. Ewúro ló kọ́kọ́ wá já. Nígbà tó tún padà wá, kókò ni. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹní wá. Ó ṣì ń pè é ní igbó o, ṣùgbọ́n inú igbó náà ló ti ń kí ìrun ọ̀sán.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ di agbo, àgbálùmọ̀ ga ju orí ilé lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ìgbà náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ máa mọ búlọ́ọ̀kù lórí ilẹ̀ náà, pé Pápáláńtò kò jìnnà, sìmẹ́ńtì kò jìnnà, katakata á sì ti igbó náà dànù láàárọ̀ kan. Òun ni àrólé. Ọkọ mi kò lè bá a jiyàn, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ló dé, òun àti ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀. Ìyá wà lórí ẹní rẹ̀ lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, mo kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà, ó sì dorí kọ ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn. Wèrèpè wà níbẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyàwó, ṣé ilẹ̀ bàbá mi lo fẹ́ fi hàn mí?"

Mo ní rárá o, sà. Mo tún kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ ìkìlọ̀ kejì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dún sókè. Àwọn àgbà kúkú ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ dúró sójú títì ní tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ ijó tí ẹnikẹ́ni kò kọrin sí. Ó họ ọrùn, ó họ apá, ó bọ́ fìlà, ó fi fìlà náà họ ẹ̀yìn, ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìyá dìde, ó ní kí n gbé eérú àti epo pupa wá. Ó fi ra ọmọ rẹ̀ lára bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni, ó fà á jókòó sórí ẹní. Oòrùn ń jó gbogbo ìta, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa níbẹ̀. Mo gbé ìbẹ́pẹ wá, mo gbé àgbálùmọ̀ tẹ̀ lé e. Ó ń họra, ó ń lá a. Nígbà tó yá, ó béèrè ibi tí a ti rà á.

"Inú igbó tí o fẹ́ tì dànù ni," ni Ìyá wí. "Tí o bá wá mọ búlọ́ọ̀kù síbí, ṣé búlọ́ọ̀kù ni màá máa lá? Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, ẹnikẹ́ni kò ní gé igi kan níbí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún mú àgbálùmọ̀ kan, ó sì ní kí wọ́n sọ fún ọkùnrin ojú títì pé kó máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo bi Ìyá léèrè bóyá kò rí ibi tí ọmọ rẹ̀ forí lé ni. Ó ní òun rí i, àmọ́ òun ń ṣe tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹni tó bá ń ṣe tẹ̀sùbáà kì í sọ̀rọ̀.

Ìyá ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun báyìí. Mo ti rò pé tó bá ti lọ, katakata á padà wá, mo sì ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò wá. Lásìkò òjò tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yọ sí wa pẹ̀lú irun orí tó ti funfun tán, ó gbé ọmọ igi orógbó kan dání nínú ọ̀rá. Ó béèrè ibi tí a lè gbìn ín sí tí oòrùn kò ní pa á lára. Àwa méjèèjì mọ̀ pé orógbó kì í tètè so, ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́. Mo gbẹ́ ihò, ó di igi náà mú kó lè dúró ṣánṣán, a sì jọ fi ọwọ́ wa kó iyẹ̀pẹ̀ tútù bò ó nídìí.