Ọ̀dà Pupa Lára Ilé Ẹfúnróyè

Orin kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá dé ibẹ̀, ẹ má bá mi gbè é, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ. Ti Ẹfúnróyè ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ, Ẹfúnróyè tí ilé rẹ̀ kọjú sí títì nílùú Ọ̀tà níbí, kí títì náà tó fẹ̀.

Ilé ọ̀hún ò tóbi. Yàrá méjì níwájú, yàrá kan tó dá dúró lẹ́yìn, àgbàlá láàárín wọn. Ògúndèjì ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ irin ní Sàǹgó ni Ògúndèjì ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á po yẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, á mọ búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ó di ọ̀la. Mẹ́rin lóòjọ́! A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò kan òrùlé ilé yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ló kú, inú yàrá ẹ̀yìn la sì sin ín sí bó ṣe wí. Láti ọjọ́ yẹn ni Ẹfúnróyè ti kó ẹní rẹ̀ lọ sẹ́yìn, tó fi iwájú sílẹ̀ fún ayálégbé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi gbígbóná sílẹ̀ nínú yàrá náà, nítorí ẹni tó sùn síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí Ẹfúnróyè wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan tí ìjọba gbé wá sí Ìjù. Ìyàwó tíṣà bí ọmọkùnrin kan, Àjàní ni oríkì rẹ̀. Ẹ̀yìn Ẹfúnróyè ni Àjàní fi ṣe ilé. Bó bá ń ké, orin tó fi ń tù ú nìyí:

Àjàní, dákẹ́,
ìyá ẹ re odò.
Àjàní, dákẹ́,
ẹ̀yìn mi ò ní jù ọ́ nù.

Ó pọ̀n ọ́n fún ọdún méjì ó lé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé tíṣà lọ síbòmíràn, a ò sì gbúròó Àjàní mọ́, àfi ọjọ́ tí rédíò pe orúkọ rẹ̀ pé ó fẹ́ ṣe gómìnà. Ẹfúnróyè gbé rédíò lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n ń ka bí ayé rẹ̀ ṣe rí: ọmọ tíṣà ni, ó kàwé lókè òkun, ó ti ṣe ọ̀gá ní báńkì, ṣùgbọ́n ìyà jẹ ẹ́ ní kékeré, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn káàkiri.

“Ẹsẹ̀ wo?” ni Ẹfúnróyè wí. “Ẹ̀yìn mi ló gùn!”

Fàsílátù tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Gómìnà, ṣé wọ́n ti dárúkọ yín?”

“Wọn ò tíì dé ibẹ̀.”

“Rédíò ti ń polówó ọṣẹ o, Ìyá Gómìnà.”

“Mo ní wọn ò tíì dé ibẹ̀!”

Wọn ò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjàní wọlé. Ó ní nǹkan mẹ́ta ni òun yóò fi ṣáájú: ọ̀nà, ilé-ìwé, àti ilé-iṣẹ́ tí yóò gba àwọn ọ̀dọ́. A pàtẹ́wọ́ títí. Ta ni kò fẹ́ ọ̀nà?

Àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú ní Ọ̀tà. Oko gbágùúdá tí mo mọ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì bí yunifásítì, ọkọ̀ Èkó á sì tò sí títì lọ́jọ́ Sunday bí ìjàlọ. Èmi àti Ẹfúnróyè náà ń bá wọn lọ. Lọ́jọ́ kan, oníwàásù sọ ti ilẹ̀ Íjíbítì fún wa, bí wọ́n ṣe fi ẹ̀jẹ̀ sára ilẹ̀kùn tí ikú fi rí i tó ré wọn kọjá. Ó ní lọ́sẹ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ yóò máa gbàdúrà láti ilé dé ilé.

Nígbà tó di Thursday, ọkùnrin méjì dé tàwọn ti búrọ́ọ̀ṣì àti garawa ọ̀dà pupa. Wọn ò kí wa púpọ̀. Wọ́n kun ara ògiri iwájú, igi méjì tó dábùú ara wọn, wọ́n sì kọ nǹkan tí èmi àti Ẹfúnróyè ò lè kà sábẹ́ rẹ̀. Ẹfúnróyè ti kúnlẹ̀. “Àmín o! Àmín lórúkọ Jésù!” Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Ó bu omi tútù fún wọn mu. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó di ọ̀kan lápá mú.

“Ọmọ mi, ẹ ò tíì ṣe ti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn gan-an ni mò ń sùn.”

“Màmá, ti iwájú nìkan ni.”

“Háà, rárá o. Aburú tó bá ré mi kọjá níwájú ò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé.”

Èkejì rẹ́rìn-ín. “Ṣe é fún wọn jàre, ká máa lọ.”

Ó ṣe é. Ó tiẹ̀ ṣe é tóbi ju ti iwájú lọ. Mo jókòó níbẹ̀. Èmi náà ṣe àmín.

Ìrọ̀lẹ́ ni Gbóyèga dé, ayálégbé tó wá láti Ọ̀ṣun, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ó dúró níwájú ògiri, kò wọlé.

“Màmá, ta ló kun èyí?”

“Àwọn ará ìjọ wa ni. Wọ́n gbàdúrà sí i.”

“Màmá, wọ́n máa wó o ni. Gómìnà ń fẹ ọ̀nà yunifásítì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ mẹ́rìnlá.” Ó wo àgbàlá, ó rí ti ẹ̀yìn. “Èèkàn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ọ̀nà náà ò kọjá iwájú. Kí ló gbé ọ̀dà débẹ̀?”

Ẹfúnróyè ti dìde lọ gbé kẹrosíìnì.

A fi kẹrosíìnì fọ ti ẹ̀yìn, a fi kànìnkànìn àti iyanrìn ha á. Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń ràn. Nígbà tí apá wa kú, gbogbo ògiri náà ti pupa. Ẹfúnróyè jókòó sílẹ̀, ó ní, “Màá rí Àjàní.”

Àjàní wá lóòótọ́, láti ṣí iṣẹ́ ọ̀nà náà. Wọ́n na okùn sáàárín àwa àti òun. Ẹfúnróyè kígbe, “Àjàní! Ilé mi!” Àwọn onífèrè fẹ́ ohùn rẹ̀ dànù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ orin yẹn: Àjàní, dákẹ́, ìyá ẹ re odò. Ọkùnrin tó di máìkì mú gbọ́ ọ, ó ní, “Ẹ gbọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń forin dúpẹ́ ọ̀nà!” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Gómìnà yíjú sí wa. Ojú rẹ̀ dúró lára Ẹfúnróyè díẹ̀, bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ kan tí kò rántí ẹni tó sè é. Ó juwọ́ sí i. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí i létí, ó wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni katakata dé. Ó ti iwájú lulẹ̀. Nígbà tó kọjú sí ẹ̀yìn, Ẹfúnróyè lọ dúró níbẹ̀. Ọ̀gá wọn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

“Màmá, yàrá yìí ò sí nínú ìwé mi o. Ta ló ní kí wọ́n máàkì ẹ̀?”

“Èmi ni. Àdúrà ni mo pè é, ọmọ mi. Ọkọ mi wà níbẹ̀.”

Ó wo ìwé, ó wo ògiri tó pupa látòkè délẹ̀. Mo rí i pé àánú ṣe é. “Màmá, ibi tí wọ́n bá ti rán mi, tí mo bá rí ọ̀dà, wíwó ni. Bí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á ní mo gbàbọ̀dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà.”

Kò yà. Èmi ni mo lọ fà á lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

Itele ló ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Títì ti parí, ó dán. Kò dé ibi tí yàrá ẹ̀yìn wà, ẹsẹ̀ bàtà méje ló kù. Ọmọbìnrin kan ta agboòrùn sójú ibi tí yàrá náà wà, ó ń se Indomie fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A bá a níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ da omi gbígbóná inú ìkòkò nù.

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi,” ni Ẹfúnróyè wí, “má dà á síbí. Dà á sójú títì.”

“Kí ló wà níbí, Màmá?”

Ẹfúnróyè lanu, ó pa á dé. Ọmọ náà rò pé arúgbó ń ṣe bí arúgbó. Ó wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì da omi náà síbi tó ti fẹ́ dà á tẹ́lẹ̀.