Iná Tó Ń Tẹ̀ Sí Sàréè

Agídí ẹ̀gbọ́n mi Karimat ló pọ̀ jù nílé wa ní Bẹ́yẹrúnká, èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí náà kì í sì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò iná wẹ́dà tí wọ́n fi ń jó irin: bí afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ ṣe ń ṣàn, ibi tó ń fẹ́ sí, bí ooru rẹ̀ ṣe ń wọ irin lára. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó tì í. Kò lọ́kọ, kò sinmi.

Ojúde wa ló ti kọ́kọ́ rí iná náà. Ibẹ̀ ni bàbá wa, Alájì Sàídì, ti ń jó irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá wọn tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Wáyà kejì, èyí tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ, irin tó yí sàréè ká ni Bàbá máa ń há a mọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ń jó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé e tì. Wọ́n ní kí bàbá àwọn lè dá sí iṣẹ́ náà ni.

Iná ọ̀hún kì í dúró ṣánṣán. Ó máa ń tẹ̀ sí sàréè bí ẹni tí wọ́n pè. Tí òjò bá sì ti rọ̀, Bàbá á ní ẹnì kan ń di àwọn lọ́rùn ẹsẹ̀ mú.

"Bàbá mi ni," wọ́n á wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí gan-an.

Karimat ṣírò ojúde wa sínú kọ̀ǹpútà, tòun ti ilẹ̀kùn, sàréè àti ilẹ̀ tútù. Iná inú kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ sí sàréè. Nígbà tó sún wáyà sára ilẹ̀kùn, iná náà dúró ṣánṣán.

"Ẹ wò ó, Bàbá, ọ̀nà tí iná ń gbà padà ló ń fà á. Èyí tó bá ṣìnà sílẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ yín ló ń gbà kọjá. Ó máa pa yín lọ́jọ́ kan."

"O fẹ́ kí n já ọwọ́ bàbá mi sílẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ sin yín ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, wáyà náà ò sì kúrò lára irin sàréè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn òjò, ọwọ́ Bàbá lẹ̀ mọ́ irin, wọn ò lè pariwo. Karimat ló sáré pa ẹ̀rọ. Nígbà tí èémí wọn padà, wọ́n nawọ́ sí sàréè.

"Tú wáyà yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ṣì tutù. Wáyà ti wà lára ilẹ̀kùn. Bàbá tanná, ó dúró ṣánṣán. Wọ́n dúró títí, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹnì kankan ò dì wọ́n mú.

Wọ́n ṣí ìbòjú tí wọ́n fi ń jó irin, wọ́n jókòó ti sàréè. "Ìnnà lillahi," wọ́n ní, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Bàbá àgbà ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Karimat kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ń sunkún.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Bàbá."