Ẹjọ́ Orogún ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé

Bí ẹ bá bi ọmọ Ìlá léèrè pé ara ńkọ́, tó sì dáhùn pé ara òun ò yá, ẹ má wulẹ̀ bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Àwa kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ibà ti dá dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, "a dúpẹ́" ni. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Òkè-Ìlá tí orúnkún rẹ̀ bó, "a dúpẹ́, kò burú jù" ni. Eyín kan ń dun bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú débi pé ojú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Àlejò wọlé, ó ní, "Ṣé àlàáfíà ni, Tíṣà?" Bàbá mi fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní, "Àlàáfíà ni o, a dúpẹ́." Ìyá mi pariwo láti ilé ìdáná pé, "Àlàáfíà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ilé yìí!"

Irọ́ kọ́ o. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. A kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn lé ọmọ lórí, àgàgà lójú àlejò. Ṣùgbọ́n ohun tó dára nínú ìkíni lè di wàhálà nínú iṣẹ́, nínú iṣẹ́ tèmi gan-an ló sì ti di wàhálà.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí ẹnu mi ti kó mi sí ìjàngbọ̀n tó. Ẹnu mi mú, inú mi sì máa ń tètè ru. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní bí ìbínú mi ṣe ń yára dé náà ló ṣe ń yára lọ. Mi ò bá wọn jiyàn.

Dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù náà, obìnrin ni, ọmọ Ẹ̀gbá. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, òun sì jù mí lọ nínú ìwé àti nínú sùúrù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó kó wa jọ, ó pín ìwé kan tó ti fa ìlà sí fún wa. Ó ní àìsàn kan wà tó máa ń dọdẹ ọmọ tó bá ti pẹ́ ní ọsibítù. Ẹbí ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu ni, ẹbí ìwúkàrà ni. Ó wà lára gbogbo wa, nínú ẹnu, nínú ìfun, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń gba oògùn apakòkòrò tó le fún ọjọ́ púpọ̀, oògùn náà á pa kòkòrò búburú, á sì pa èyí tó ń ṣọ́ ilé fún wa. Bí rọ́bà tí oògùn ń gbà wọlé bá tún wà nínú iṣan rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Èbu yìí á yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ó wá ní èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò ní àmì tirẹ̀. Ibà lásán ló máa ń jọ. A ní láti fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù ńlá ní ìlú mìíràn, wọ́n á dúró kí nǹkan náà hù kí wọ́n tó lè rí i. Ọjọ́ á máa lọ. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní hù, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Oògùn rẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè máa fún gbogbo ọmọ, torí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, a ní láti máa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run kó tó sá èlùbọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ ìwé náà: ọjọ́ mélòó ni ọmọ ti ń gba oògùn líle? Ṣé wọ́n ti ṣí ikùn rẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ tún gbóná lẹ́yìn tó ti tutù? Ṣé ẹnu rẹ̀ funfun? Ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ń ṣeré? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Bí máàkì bá ti kọjá ìlà pupa tó fà sísàlẹ̀, a ò ní dúró de láàbù mọ́.

Ìdajì ìbéèrè náà, ẹni tó ń sùn ti ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bi wọ́n, torí èmi ni mo gbọ́ èdè wọn. Mo mú bírò. Mo dé bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Ṣé ó jẹun? A dúpẹ́. Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ọlọ́run ń ṣe é. Ṣé ó ṣeré? Ara rẹ̀ ti yá pátápátá, ẹ ṣeun, Olúwa á dá yín lọ́lá. Bẹ́ẹ̀dì kejì, bákan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, dókítà tú ìwé náà wò, ó ní, "Màmá, gbogbo wọn ló ń jẹun, gbogbo wọn ló ń ṣeré. Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní ọsibítù?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mi ò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ láti ọ̀nà Iresi. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ láràárọ̀, ìwé rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ọmọ náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni èsì láàbù tó dé: èbu ni. Mo lọ sí yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Inú mi bà jẹ́, inú sì ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Ìlá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oko obì àti kòkó. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún méjì. Ìfun rẹ̀ kó wọ inú ara wọn, kíá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò rẹ̀ ni, kò lè jáde. Ìyá àgbà ló dúró tì í. Ó sọ fún mi pé òun ti ṣèlérí nílé: "Èmi ni mo gbé e lọ, èmi náà ni n ó gbé e bọ̀."

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n egbò inú kò tètè jinná. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, oògùn líle ń gorí oògùn líle, rọ́bà wà lọ́rùn ọmọ. Mo ń ṣọ́ ọmọ yìí bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Láràárọ̀ tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ mọ́, ó tutù, ó ń dán. Tẹmómítà á ní kò sí ibà. Ìyá àgbà á ní a dúpẹ́. Ojú ọmọ nìkan ni kò bá wọn dúpẹ́. Ó kàn ń wò ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ni n ó kọ sínú ìwé? Ojú?

Lọ́jọ́ kan mo gbaná jẹ. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi jàre!" Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Òótọ́ náà ni mo ń sọ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń dúpẹ́ ni Ọlọ́run ń ṣe sí i fún." Mo pa bírò mi dé, mo bá tèmi lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń to oògùn lẹ́yìn kọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kí dókítà tó dé. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀: "Orogún mi, o fẹ́ dójú tì mí ni? Ya ẹnu, orogún mi." Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bàbá àgbà á máa pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyàwó mi, ìyá àgbà náà á sì sọ ọ́ di orogún, wọ́n á jọ máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ yóò fi lọ ilé ọkọ. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé, ta ló máa ń dúpẹ́ nítorí orogún? Orogún, ẹjọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń rò!

Mi ò mú ìwé kankan dání. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ìyá, mo gbọ́ pé orogún yín ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún mi, lẹ́yìn yín ni mo wà."

Áà! Bí ìgbà tí omi bá ya ni. "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ o! Láti ijọ́ mẹ́rin ni kò ti jẹ́ kí n fojú kan oorun. Ara rẹ̀ á gbóná bí ààrò, n ó nù ún kó tutù, á tún gbóná. Ìgbà mẹ́ta ni mo ń rẹ aṣọ sínú omi kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n tó rí i nù, kí n tó rí i pa ní ìpara, kó lè ṣe é wò lójú dókítà. Ògì tí mo pò fún un, ó tu ú lé mi láyà. Ẹ wo ahọ́n rẹ̀, ó funfun bí ẹni tó jí èlùbọ́ lá. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fọwọ́ kan ife rẹ̀, á gbá mi lọ́wọ́, á pariwo. Báyìí, mo gbé ife lọ níwájú rẹ̀, kò bá mi jà." Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Nọ́ọ̀sì, orogún wo ni kì í jà?"

Mo ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ọmọ. Omi ò tíì gbẹ níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń jó. Mo bẹ ìyá àgbà pé kó má nù ún mọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ lábíyá, ibà náà ròkè gan-an. Mo sáré lọ bá dókítà. Ó ní, "Màmá, ṣáàtì yín sọ pé kò ní ibà láti ijọ́ mẹ́rin." Mo ní, "Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo ń sọ fún yín pé irọ́ ló ń pa."

Ó wá. Ó wo ẹnu ọmọ, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì. Wọ́n kọjá ìlà pupa, wọ́n tún lé. Ó ní, "Kíndìnrín rẹ̀ ṣì kéré. Bó bá lọ jẹ́ pé kì í ṣe òun ńkọ́?" Mo ní, "Bó bá jẹ́ òun ńkọ́, tí a sì dúró?" Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ fún láàbù, ó yọ rọ́bà ọrùn kúrò, ó sì ní kí n lọ gbé oògùn náà wá.

Ọjọ́ kìíní, mo bèèrè: "Ìyá, orogún yín ńkọ́?" Ó ní, "Kò jà." Ọjọ́ kejì, kò jà. Ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ tutù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nù ún, síbẹ̀ kò jà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá a tún ti pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kẹrin mo ń ka abẹ́rẹ́ nínú àwo nígbà tí mo gbọ́ igbe: "Yéè! Ó gbá mi létí! Ẹ wá wò ó, ó gbá mi létí, ó tún gba ife!" Gbogbo ìyá tó wà ní wọ́ọ̀dù dìde. Ọ̀kan dá orin ìyìn, àwọn yòókù gbè é. Èmi tí mo gbé àwo abẹ́rẹ́ dání, ijó ni mo ń jó. Nígbà tí èsì láàbù dé pé èbu ni lóòótọ́, ọmọ náà ti ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ó ń já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sílé, mo bá ìyá àgbà di ẹrù. Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ẹ̀yin náà, ta ní kẹ́ ẹ máa fi omi tan tẹmómítà mi jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Lọ́jọ́ tí a dé. Eruku ọ̀kadà bo ọmọ, ó ti bì sára, ara rẹ̀ ń jó. Ẹ pariwo mọ́ mi lójú gbogbo ayé. Ẹ ní, ṣé báyìí ni mo ṣe fẹ́ kí dókítà bá a? Ẹ ní kí n máa nù ún kí dókítà tó dé. Mo rò pé òfin ibí ni. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ni o."

Mi ò rántí rárá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo lè sọ mẹ́wàá kí n tó jẹun àárọ̀. Mo ronú kan ọmọ ọ̀nà Iresi, mo bi ara mi pé kí ni mo sọ fún ìyá tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mi ò rántí ìyẹn náà. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun mi, mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú." Ìyá àgbà fà mí dìde. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì." Ó pọn orogún rẹ̀, wọ́n lọ.

Mo yí padà. Ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, bàbá kan rí mi tí mo ń bọ̀, ó yára fa aṣọ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu imú ọmọ rẹ̀. Mo lọgun, "Ẹ fi í sílẹ̀!" Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú aṣọ náà nílẹ̀, mo gbọn ọ́n, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n bá a bó ṣe wà."