Ìyá Tó Ń Gbé Lójú Fèrèsé

Oṣù Kìíní ọdún 1983 ni mo gba yàrá nílé Màmá Ellen Fábíyìí ní Ìlíṣàn. Tíṣà ni mí nígbà náà, ọmọ Ìsarà, ọmọ mùsùlùmí, mo sì ti kó kúrò nílé méjì láàárín ọdún kan nítorí ohun tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ní ti Màmá Ellen, ọmọ Ìjọ Adífẹ́ńtì ni òun àti ọkọ rẹ̀. Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Bàbá mi gbọ́, ó ní, "Sàfúrátù, lọ máa gbé ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa, Jímọ̀ wọn ló kàn fi ọjọ́ kan pẹ́."

Ohun kan ṣoṣo tí n kò lórúkọ fún nínú ilé náà ni ìgò kan tó wà lójú fèrèsé pálọ̀. Ìgò ńlá ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lẹ́nu, wọ́n fi rọ́bà dè é. Omi inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin tí wọ́n bu omi là. Nǹkan kan sì sùn sórí omi náà, ó funfun, ó ń yọ̀, ó nípọn tó ẹ̀kọ tó dì. Bí oòrùn àárọ̀ bá wọlé, á gba inú ìgò náà kọjá, á wá tàn sára ògiri, ara ògiri á máa mì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Màá jókòó ti ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, màá máa wo àwọn èéhó kéékèèké tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn kò kánjú lọ síbì kankan, títí ojú mi á fi fẹ́ máa pa dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pẹ́ dé iléèwé nítorí ìgò yẹn. Hẹ́dìmáàstà rò pé oyún ni.

Mo bi Màmá Ellen pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan náà.

Ó ní, "Ìyá."

"Ìyá ta ni, mà?"

"Ìyá ara ẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á bí òmíràn sórí ara ẹ̀. Má fọwọ́ kàn án o, Tíṣà, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ẹ."

Dúrótìmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá, ló gbé e bọ̀ láti Rọ́ṣíà, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé rédíò bọ̀, wọ́n gbé kámẹ́rà bọ̀. Dúrótìmí gbé nǹkan yíyọ̀ bọ̀ nínú ìgò. Ó ní àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ a máa gbé e sójú fèrèsé, wọn a máa fi tíì àti ṣúgà bọ́ ọ, bí omi náà bá kan tán wọn a mu ún kí ara wọn lè lágbára láti bá àìsàn jà. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Kàdúná, ó fi ìgò náà síkàáwọ́ Màmá. Màmá ì bá má gbà á, àmọ́ ó wo ọkọ rẹ̀, ó gbà á.

Bàbá Fọlọ́runṣọ́ Fábíyìí ni ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó tín-ín-rín, àyà rẹ̀ kò sì le. Bí àìsàn kan bá ń kọjá lọ ní Ṣàgámù, á yà kí Bàbá ní Ìlíṣàn kó tó máa lọ. Ọdún méjì léraléra ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù nígbà ọyẹ́, lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ojúọlá ọmọ wọn l'Ékòó pé kó máa bọ̀. Láti ìgbà tí Màmá ti ń fún un ní ife omi kíkan náà láràárọ̀, kò dùbúlẹ̀ sí ọsibítù mọ́. Bóyá omi náà ló ṣe é, n kò mọ̀. Dókítà kankan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Màmá gbà pé òun ni, ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ dì í mú.

Ìjọ wọn kò fẹ́ tíì. Màmá rò ó títí, ó wá rí ọ̀nà àbáyọ. Ní Ògèrè, lẹ́bàá títì tuntun tí àwọn ọkọ̀ tírélà ń gbà, àwọn dírẹ́bà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya a máa se ewé tíì kan tí kò dúdú. Ewé gbígbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù ni, wọ́n ká a kóróbójó bí ìgbà tí èèyàn ká etí aṣọ, bó bá bọ́ sínú omi gbóná á wá tú. Mọ́ṣúdù tó ń lẹ táyà níbẹ̀ máa ń bá Màmá ra díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, á fi bébà wé e. Màmá ní èyí tí ìjọ kọ̀ dúdú. Èyí kò dúdú. Ewé ni, ewé kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tó sọ ọ́. Ó ní kí n má fi òun ṣẹ̀sín, pé èmi náà máa ń sọ pé mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá fi omi gbé oògùn orí fífọ́ mì.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló máa ń pò ó, kí ọjọ́ tó máa pé má baà bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi wọn, tó jẹ́ Sátidé. Á se omi, á da ewé sí i, á sẹ́ ẹ. Á kó ṣúgà sí i, bẹ́ẹ̀ ṣúgà wọ́n lọ́dún yẹn, a máa ń tò fún un ni. Á jẹ́ kó tutù títí ìka á fi lè dúró nínú rẹ̀. Á wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé Ìyá sínú rẹ̀, pẹ̀lú ife kan nínú omi ti tẹ́lẹ̀, kí ó má baà rò pé ilé onílé lòun dé. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ fún un pé òjò ti rọ̀, pé Ojúọlá kọ lẹ́tà. Bàbá á jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, á máa wo ìyàwó rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ṣùgbọ́n Màmá Ellen ní iṣẹ́ kejì. Òun ló ń se wáìnì Oúnjẹ Olúwa fún ìjọ wọn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Wáìnì tiwọn kò gbọdọ̀ kan rárá, kó má baà di ọtí. Á se èso àjàrà gbígbẹ, á sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú ìgò, á dé e pa. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwọn ife kéékèèké sí wà. N kò rí ìgbà kankan tí inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tó bá ń nu àwọn ife wọ̀nyẹn. Obìnrin tí kò kàwé kọjá Páímárì Méjì ni, nínú ilé ìjọsìn tó kún fún olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Oṣù Kẹta ọdún 1984 ni Alàgbà Ebenezer Ṣóbọ̀wálé wá. Èèyàn dáadáa ni, kì í pariwo. Ó jókòó kọjú sí fèrèsé, ó wo ìgò náà fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Arábìnrin, ẹ̀yin lẹ̀ ń se wáìnì tí kò gbọdọ̀ kan. Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń tọ́jú èyí tó ń kan síbí. Ọwọ́ kan náà ni."

Màmá ní, "Alàgbà, ògì náà ń kan, gbogbo wa la sì ń mu ẹ̀kọ."

"Ògì kì í hó nínú ìgò, mà."

Màmá bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ti ọsibítù, ó sọ ti àyà Bàbá. Ó ní ìkòkò méjèèjì yàtọ̀, aṣọ ìsẹ́ wọn yàtọ̀, pé òun rán òwú pupa sí etí ti ìjọ, wọn kò ní pàdé láéláé. Alàgbà mí kanlẹ̀. Ó ní òun gbà. Ó ní, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, kí Màmá fúnra rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife rẹ̀ jáde láràárọ̀. Láti fèrèsé yàrá mi ni mo ti ń wò ó, oorun kò tíì dá lójú mi tán. Á rìn jẹ́jẹ́ nínú ìrì, ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ dúró nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀, á kẹ̀yìn sí ilé. Mo rò pé oòrùn ibẹ̀ ló ń gbádùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tutù yọ̀yọ̀ lọ́dún yẹn, ewé rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń bo páànù balùwẹ̀. Òjò dé, otútù bá a dé, àyà Bàbá kò dùn ún. Màmá á máa yin Ìyá, á ní, "O ṣeun, ìwọ obìnrin yìí."

Oúnjẹ Olúwa ti Oṣù Kẹfà bọ́ sí àkókò tí òjò kò dá. Lọ́jọ́bọ̀, Màmá se àjàrà rẹ̀. Aṣọ olówùú pupa wà lórí okùn láti Túsìdé, kò gbẹ. Èkejì, ti omi kíkan, gbẹ, ó funfun báláú, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Ó mú un dání, ó wo òjò, ó wo aṣọ náà. Mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Mà, ó mà ti mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Omi àjàrà náà ti tutù kó tó fi aṣọ náà sẹ́ ẹ.

Ní Sátidé, èmi ni mo bá a ru agbọ̀n ìgò náà dé yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, torí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Wọ́n ń kọrin nínú lọ́hùn-ún. Ó to àwọn ife sílẹ̀, ó mú ìgò àkọ́kọ́, ó ṣí i.

Ìgò náà mí. Kò pariwo, ó kàn ṣe ṣìì, èéhó funfun sì gun ọrùn rẹ̀ bọ̀.

Màmá dúró. Ó ṣí èkejì, bákan náà ni.

Ó ní, "Tíṣà, o gbọ́ ọ?"

Mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan, mà." Mo purọ́, mo sì tún un pa. Mo ní, "Ẹ bù ú sí ife, mà. Ta ló máa mọ̀? Á kàn dùn lẹ́nu wọn ni."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú, bí ẹni pé èmi ni nǹkan ṣe. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́." Ó dé àwọn ìgò náà padà, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wọlé lọ.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí Alàgbà létí. Alàgbà sì fẹ́ bò ó láṣìírí, ó dìde, ó ní ohun èlò kò pé, kí wọ́n sún Oúnjẹ Olúwa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá kò jókòó. Ó ní, "Ohun èlò pé, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fi aṣọ omi kíkan ilé mi sẹ́ ẹ. Ẹ má bínú sí mi." Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí igi.

Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, òjò ti dá, Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn wa díẹ̀. Nígbà tí a wọlé, kò bọ́ fìlà rẹ̀. Ó di Màmá lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bí ọkàn Màmá bá gbóná, èdè Rẹ́mọ ló máa ń bọ́ sí. Ó ní, "Kí rè dé, Bàbá Ojúọlá?"

Bàbá ní, "Ellen, ibí yìí ni mo ń dà á sí. Láti ọjọ́ tí Alàgbà ti wá. N kò mu ife kan nínú ẹ̀ mọ́."

Màmá wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà.

Bàbá ní, "Mo rò ó pé tí n kò bá mu ún, mi ò ní jẹ̀bi lọ́dọ̀ Ọlọ́run pé torí mi lọwọ́ rẹ ṣe kan ohun tó ń kan. Tí mo bá sì sọ fún ọ, wàá da Ìyá nù. O fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ kí òun àti kọ́kọ́rọ́ ìjọ, kí méjèèjì kù sí ọ lọ́wọ́."

Màmá Ellen jókòó sórí òkúta tí a ń fọ ẹsẹ̀ lé, ó sunkún. Oṣù mẹ́ta ni ara Bàbá ti ń le láìsí ife kankan. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ọdún mọ́kànlá sílẹ̀ nítorí omi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mu. Èmi náà sunkún, mo lọ dúró lẹ́yìn ògiri kí wọ́n má baà rí mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí Màmá ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, ó ní, "Abájọ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kò ṣàìsàn."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó Alàgbà ló se wáìnì. Màmá lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń júwe fún un, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo rò pé wọ́n máa da Ìyá nù. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo jí, mo rí i lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ti àtẹ̀yìnwá. Màmá bu ife kan, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ pé kó mu ún. Bàbá gbé ife náà sẹ́nu lójú rẹ̀, ó mu ún tán pátápátá, ó fún ojú pọ̀.

Ó ní, "Ó mà kan o, Ellen."

Màmá ní, "Ó kan."

Bàbá wá dìde, ó gba inú ìrì lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ife lọ́wọ́. Ó dé ibẹ̀, ó dojú ife náà kọlẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.