Kásíà Tó Dá Ṣẹ́ẹ̀kì Mi Padà

Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí yóò máa pa irọ́ nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí lè dùn ti kú. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Benin níbí kò sì lè ka Yorùbá. Bí o bá fi Yorùbá kí wọn, Píjìn ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi ní báńkì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ilẹ̀ mi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹni tó lejú mọ́ mi ló gbà mí.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, báńkì kan nítòsí ọjà New Benin ni owó oṣù mi sì ń gbà wọlé. Kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń pọ owó lára ògiri nígbà náà, fóònù kì í sì í sọ iye tó kù fún èèyàn. Táàlì ni wọ́n ń fún èèyàn, irin pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Wàá jókòó, wàá dì í mú títí wọn yóò fi pe nọ́ńbà rẹ. Èmi kì í gba táàlì. Apá ọ̀dọ̀ wa lÉkìtì ni maníjà ti wá, èmi ni mo sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ti yọjú báyìí, á ní, "Mọ́mì, ẹ wọlé, ẹ wá jókòó." Wọn á gbé owó wá bá mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tó tutù minimini. Bí owó inú àkáùǹtì mi kò bá tó, á rẹ́rìn-ín. "Ẹ má da ara yín láàmú, Mọ́mì. A ó ṣe é ní ófádíráàfù. Báńkì á kọ́kọ́ bá yín san án ná."

Mo gbà pé àánú ni. Gbogbo Kérésì ni mo ń gbé iṣu lọ fún un, iṣu gidi, ó sì ń gbà á.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, aṣọ ló ń tà ní New Benin. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é nínú ìwé yìí. Mo pè é bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ó tó. Lójú Àǹtí, ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe owó. Bí ẹbí bá ní ìnáwó, á wá sílé tí a háyà ní Ugbor, á ní, "Ìyàwó wa, mi ò ní kí o mú owó wá o. Ìwé ni mo ní kí o kọ."

Kí n má purọ́, èmi náà gbà á gbọ́ díẹ̀. Bí mo bá ń ka náírà sílẹ̀ fún èèyàn, ó máa ń dùn mí dé eegun. Bí mo bá fi bírò kọ ọ́, n kì í mọ̀ ọ́n lára. Mo tún fẹ́ràn láti máa buwọ́ lù ú, pẹ̀lú ìlà gígùn kan lábẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ni ìyá mi fi ń tẹ̀wé títí wọ́n fi kú. N kì í sì í béèrè iye tó kù. Ojú ń tì mí kí àwọn tí mo kọ́ níwèé má lọ bá mi lẹ́nu káńtà níbi tí mo ti ń wádìí owó ara mi.

Ọkọ mi ń kọ́? Ìwé ìròyìn ló ń kà.

Lákòókò náà, mo ń ra ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì kan ní Ikpoba Hill lọ́wọ́ bàbá àgbà kan, ọmọ Benin. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń san án. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n sì ti dá ìparí oṣù fún mi. Bí mi ò bá mú un wá, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ rà á. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé ọkọ mi wá sí Benin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni onílé ti lé wa jáde. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù parí ni Àǹtí dé. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ Ìyá Ìjọ.

"Ìyàwó wa, mi ò lè lọ ṣọpẹ́ lọ́wọ́ òfo. Kọ owó màlúù kan."

"Àǹtí, odindi màlúù kẹ̀?"

"Ṣé ìdajì rẹ̀ ni yóò fẹsẹ̀ méjì rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì? Kọ ọ́ jàre. Ìwé lásán."

Mo kọ ọ́. Mo ní maníjà á bá mi ṣe ti màlúù, owó oṣù á wọlé, màá sì yọ ti ilẹ̀ níbẹ̀.

Maníjà lọ fún ìsinmi lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ kásíà kan ni ṣẹ́ẹ̀kì náà bọ́ sí, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ará Oǹdó, tí n kò rí eyín rẹ̀ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí ti dúró lẹ́nu géètì wa, ó ń ju ìwé náà sókè. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí i pé kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

"Ẹ wá wò ó o! Tíṣà fún mi ní ìwé òfìfo! Tó o bá mọ̀ pé o ò ní, ṣé ẹnu rẹ ò lè sọ ọ́ ni?"

Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kó tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, gbogbo ìjọ ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo já wọ báńkì. N kò wo ọ̀nà ọ́fíìsì maníjà rárá, ẹnu káńtà ni mo lọ tààrà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Àwọn wo ló tọ́ ẹ tí wọn ò kọ́ ẹ nílé? Ìgbà tí o ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ni mo ti ń gbowó níbí!"

Ó lọ mú káàdì àkáùǹtì mi wá, páálí tí wọ́n ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, ó yí ojú rẹ̀ sí mi.

"Mà, ṣé ìṣirò lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kà á."

Mo kà á. Oṣù mẹ́jọ gbáko, yíǹkì pupa tí wọ́n fi ń kọ gbèsè ni. Owó oṣù mi á wọlé, gbèsè á gbé e mì, èmi á tún kọ ṣẹ́ẹ̀kì mìíràn lé e, èlé á gorí rẹ̀. Bí owó màlúù yẹn bá fi jáde ni, n kì bá tí rí kọ́bọ̀ san fún bàbá onílẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo di káńtà mú.

"Maníjà ní báńkì á bá mi san án ná. Owó oṣù yìí ni mo fẹ́ fi san owó ilẹ̀ mi tó kù."

"Báńkì tà á fún yín ni, mà. Wọn ò fi ta yín lọ́rẹ." Ó mú pẹ́ńsù. "Tẹ́ ò bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì kankan mọ́, owó oṣù yìí á pa gbèsè náà. Oṣù méjì tó bá tẹ̀ lé e, ẹ ó ti rówó ilẹ̀ yín."

"Ìparí oṣù yìí ni wọ́n dá fún mi."

"Ṣé ẹ ti bẹ̀ wọ́n, mà?"

N kò bẹ̀ wọ́n. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó kàwé bíi tèmi lè bẹ̀bẹ̀. Mo yọ ìwé ṣẹ́ẹ̀kì nínú báàgì, mo jù ú sórí káńtà níwájú rẹ̀, ó sì ṣí ìwé ìfowópamọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀. N kò dúpẹ́. Inú ṣì ń bí mi.

Mo mú ṣẹ́ẹ̀kì oníyíǹkì pupa tí Àǹtí jù sílẹ̀ fún mi lọ bá bàbá ní Ikpoba Hill, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "So una wey know book sef dey broke!" Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. "But no bring paper come again o. Bring money." Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Láàárín oṣù mẹ́ta náà, Àǹtí wá lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyàwó wa, kọ ìwé kékeré kan."

"Àǹtí, mi ò níwèé mọ́."

"Báwo ni ìwé á ṣe tán ní báńkì?"

"Ẹ lọ bi wọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ahun lẹ́nu ẹbí. Ṣùgbọ́n mo mú owó lọ fún bàbá nígbà tó pé, owó gidi, kì í ṣe ìwé, mo sì gba ìwé ilẹ̀ mi. Mo kọ́lé síbẹ̀. Nínú ilé náà ni Àǹtí wá dùbúlẹ̀ sí nígbà tí àìsàn dé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí àyè fún un. Ọdún méjì ni mo fi po ògì fún un. Kò pè mí ní ahun mọ́, kò sì sọ pé "o ṣé" lẹ́ẹ̀kan. N kò gbàgbé.

Ní ti maníjà, ó ní lọ́jọ́ kan, "Mọ́mì, ẹ ti pa wá tì." Mo ní kó lọ wo káàdì mi, yóò rí mi níbẹ̀.

Ẹni tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àràárọ̀ tí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé yìí ni ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Báńkì gbé e kúrò ní Benin lọ́dún tó tẹ̀ lé ti ṣẹ́ẹ̀kì náà, n kò sì mọ ibi tó wà báyìí. Kó tó lọ, ní Kérésì ọdún tí mo san owó ilẹ̀ tán, iṣu márùn-ún ni mo dì lọ bá a ní báńkì. Mo gba táàlì bí gbogbo ayé, mo jókòó títí ó fi kàn mí.

"Tìẹ nìyí. Mo bú ẹ lọ́jọ́ yẹn. Má bínú."

Ó wo iṣu náà, ó wò mí, mo sì rí eyín rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tà á, kẹ́ ẹ kó owó rẹ̀ wá pamọ́. Ṣé orí ilẹ̀ lásán lẹ máa sùn ni?"

Mo gbé iṣu mi, mo sọdá sí ọjà, mo tà á. Kí wọ́n tó ti báńkì lọ́jọ́ náà, mo ti padà wá gba táàlì.