Ìgò Kẹ́místrì Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Láàárọ̀ àná, mo gbé iṣu kaná nílé mi ní Ọmọ́lẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lórí rédíò. Ó ní ìwà ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba máa fìdí rẹmi. Inú bí mi débi pé iṣu jóná mọ́ ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.

Nígbà tí èmi wà ní girama, ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ sójà ni, ẹ̀kọ́ sì di ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Agége ni ilé ẹ̀kọ́ girama wa wà, ilé gbọọrọ onípáànù tí ògiri rẹ̀ kò ju ìbàdí wa lọ. Tó bá di aago mẹ́wàá, òórùn bisikíìtì á gba kíláàsì kan, gbogbo wa á máa dá itọ́ mì, tíṣà náà pẹ̀lú.

Fúnmiláyọ̀ ni a jọ ń jókòó. Ọmọ Èkìtì ni, bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ géètì ní ilé iṣẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, kò sì sí bó ṣe lè ṣe é bí kò bá yege nínú kẹ́místrì.

Ìjọba fi ìgò kẹ́místrì ránṣẹ́ sí wa, àwọn ìgò gígùn tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, tó ní ẹ̀rọ kékeré nídìí bíi ti omi. Pírínsípà wa kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀, ó tì í pa. Ó ní a ó fọ́ ọ. Ọjọ́ tí àwọn ìsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀ nìkan là ń rí i. A ó fi háńkáṣíìfù nù ún, a ó tò ó sórí tábìlì, a ó sì ká ọwọ́ mọ́ àyà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á yìn wá, wọ́n á lọ. Ojú pátákó ni tíṣà ti ń ya ìgò náà fún wa, Fúnmi á sì dà á kọ, tirẹ̀ á lẹ́wà ju ti tíṣà lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá, wọ́n tò ó síwájú wa. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: háńkáṣíìfù la kọ́kọ́ yọ. A nù ún, a ká ọwọ́ mọ́ àyà, a dúró. Alámòójútó ìdánwò bi wá pé, "Kí lẹ ń dúró dè?" Fúnmi kò mọ ibi tí wọ́n ń yí ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ sí. Ásíìdì rẹ̀ dà nù tán. Pírínsípà ń sọ lójú fèrèsé pé, "Ẹ rọra o, ẹ má fọ́ ọ."

Fúnmi kò yege, ọ̀pọ̀ nínú wa náà kò yege. Nígbà tí a lọ wo èsì, pírínsípà ní, "Olódo ni yín. Kí ni ìjọba ò ṣe fún yín?"

Fúnmi dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ jẹ́ ká lò ó, sà."

Pírínsípà lé e jáde pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi dákẹ́, mo sì ń bínú sí ara mi títí dòní. Fúnmi gba Oregun lọ, sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ oògùn ikọ́ sínú ìgò, ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lọ́dún tó kọjá, àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ra ìgò tuntun lọ sí ilé ìwé náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí, ilé iṣẹ́ bisikíìtì sì ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé gbogbo nǹkan ti yí padà, àfi ìgbà tí pírínsípà tuntun, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, dúpẹ́ tán tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ló wí. "Kò sẹ́ni tó máa fọ́ ọ."

Mo mú ìgò kan nínú páálí tí a gbé wá, mo là á mọ́lẹ̀. Ó fọ́ túútúú.

"Ọ̀kan ti fọ́ báyìí," ni mo wí. "Ẹ kó ìyókù fún àwọn ọmọ."