Àbàwọ́n Àyódíìnì Lára Aṣọ Ìgbéyàwó Mi

Bí kì í bá ṣe orí kunkun mi, n kì bá tí fọwọ́ kan ọ̀bẹ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Wọ́n ní kí n jókòó, mo ní ìjókòó ti sú mi. Mo mú iṣu, mo ń bẹ ẹ́, ọ̀bẹ sì gé mi níka.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì nílùú Adó wa. Ó da àyódíìnì sójú ọgbẹ́ náà kí ó má baà kẹ̀. Ó ta mí gan-an, mo gbọn ọwọ́ nù, àyódíìnì sì ta sí àyà aṣọ ìgbéyàwó funfun tí wọ́n fi kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá mi ti fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe aṣọ náà títí ó fi le. Oògùn tó pọ́n rúsúrúsú nínú ìgò di dúdú bí aró lójú wa.

“Àyódíìnì àti sítáàṣì kì í pàdé kí wọ́n má dúdú,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Ó ní ọmọ tó kàwé kò ní mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì ń wá ẹ̀rí kan tí yóò fi dá ìgbéyàwó náà dúró. Ẹ̀rí wo ló tún ju ohun dúdú láyà ìyàwó lọ? Agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ti lù, kò sí àyè àtifọṣọ.

Màmá mi gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e. Àbàwọ́n náà pòórá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín.

“Ooru ló lé e,” ló wí. “Bí aṣọ bá tutù, ó lè padà.”

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. N kò gbọ́ orin tí wọ́n kọ. Àyà mi ni mò ń wò ṣáá, àlùfáà rò pé ìtìjú ni. Bó ti ń bi ìjọ bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so wá pọ̀, mo rí àbàwọ́n náà tó ń yọ padà, díẹ̀díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi náà rí i. Ó dìde. Mo mọ̀ pé tèmi ti tán. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo àyà mi, ó ní òtútù ń mú mi. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ sí mi létí: “Ulé la ti í jà. Éè ṣe lójú àlejò.”

Nílé, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ iṣu àti àyódíìnì fún un. Kí n tó jẹun, ó bọ́ aṣọ náà lára mi, ó gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń fún omi kíkan rẹ̀ sí àbàwọ́n náà kí ó lè ṣí, ó ń fọwọ́ ra á, ó sì ń bá mi jà: ta ló rán mi níṣu bíbẹ, irú ìyàwó wo ni mí? Mo ń sunkún, inú mi sì ń dùn. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ títí aṣọ fi funfun.